Ohùn Látìn, Ohùn Yorùbá: Orin Mẹ́ta níbi Ìsìn Òkú kan ní Ìgàndò

Èmi kì í ṣe akọrin, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ara mi pe akọrin. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, èdè Yorùbá ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n etí ni a fi ń gbọ́ orin kí a tó fi ẹnu kọ ọ́, etí tèmi sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ìgbà ọmọdé mi, nígbà tí mo máa ń jókòó ti ìyá mi ní ilé ìsìn Àgùdà kan ní Erékùṣù Èkó, tí Mísà ṣì ń jẹ́ Látìn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan fún wọn nípa orin ìsìn, n kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìn òkú kan dé ní Ìgàndò ni, orin mẹ́ta tí mo sì gbọ́ níbẹ̀ kò tíì kúrò ní etí mi.

Bàbá tí a sin náà jẹ́ ẹni ọdún 89. Láti kékeré ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Èkó. Nígbà tí ó kọ́ ilé sí Ìgàndò tí ó sì ń kó lọ síbẹ̀, ó kó àwọn ìwé orin rẹ̀ kí ó tó kó àga àti ibùsùn. Nígbà tí ó rí i pé àìsàn náà fẹ́ mú òun lọ, ó gba ìwé ìkọ̀wé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó fẹ́ sínú rẹ̀: kí wọ́n má ṣe dá aṣọ ẹbí, kí wọ́n má ṣe gbé eléré wá, kí wọ́n fi Látìn gbé òun wọ ilé ìsìn, kí wọ́n sì fi Látìn gbé òun jáde. Introit ti Requiem ni ó fẹ́ fún ìwọlé, In paradisum ni ó fẹ́ fún ìjáde. Ó fi kún un pé òun kò béèrè Dies irae, nítorí òun mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú Mísà òkú láti ìgbà tí Mísàlì tuntun ti jáde ní 1970, òun kò sì fẹ́ kó Fádà sí wàhálà. Irú ènìyàn tí bàbá náà jẹ́ nìyẹn.

Ẹni tí ó mọ Ìgàndò nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìletò àwọn Àwórì kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ilé ti fara kọ́ ilé láti ibẹ̀ títí dé Ìkòtún. Àwọn dáńfó ń pe èrò níwájú ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ amúnáwá ń hó ní ojúlé gbogbo, kò sì sí ìgbà tí ilé ìjọsìn kan kì í dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ wò. Ní ilé ìsìn tí mo ń sọ yìí, Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ègùn àti Ìbíbíò náà sì wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò tún padà bá a.

Olùdarí orin ìjọ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ṣe akitiyan, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ní láti fi múra. Kò sí ẹni tí ó mọ Introit náà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú fóònù ni ó ti gbọ́ bí àwọn mọ́ńkì ṣe ń kọ ọ́, ó dà á sí dó-rè-mí, ó sì pín in fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó ránṣẹ́ sí àwọn bàbá mẹ́rin kan tí wọ́n ti bá olóògbé kọrin ní Èkó láyé àtijọ́, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wá ran àwọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń fi ọ̀pá rìn, òmíràn kò ríran dáadáa mọ́; ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tò sí iwájú nínú aṣọ funfun, ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin kìíní kò dára rárá. Ọmọ tí ó ń tẹ dùùrù oníná ti fi ìlù inú ẹ̀rọ sí i, mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹsẹ̀ ológun, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ka iye náà nínú ara wọn. Àwọn bàbá mẹ́rin kò ka nǹkan kan. Ní òpin gbolóhùn kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ a ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn a sì dúró bí èrò tí ó ti sọ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ń retí ẹrù rẹ̀, nígbà tí àwọn bàbá ṣì ń bọ̀ lọ́nà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó fa ìyapa yìí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé àgbà ń falẹ̀, ọmọdé ń kánjú. Orin Gírígórì ni a ń pe irú orin yìí. Orúkọ Póòpù Gírígórì Kìíní tí ó kú ní ọdún 604 ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ó tó ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án kí àwọn ìwé tí a kọ àmì orin sí tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Kí ó tó di ìgbà náà, inú orí ni wọ́n ń kó o sí, bí babaláwo ti ń kó ẹsẹ Ifá sí inú orí. Ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń kọ. Kò sí pé obìnrin gba òkè kí ọkùnrin gba ìsàlẹ̀. Kò ní ìlù. Àmì rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin lórí ìlà mẹ́rin, kò sì sí igi tí a fi pín in sí ìwọ̀n dídọ́gba gẹ́gẹ́ bí ti orin ìjó, nítorí ọ̀rọ̀ ni ó ń darí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti sáré, orin a sáré. Ibi tí gbolóhùn bá ti fẹ́ sinmi, orin a mí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn mọ́ńkì Solesmes ní ilẹ̀ Faransé tú àwọn ìwé àtijọ́ wò láti wá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Ní 1903 ni Póòpù Píọ́ọ̀sì Kẹwàá sì kọ ìwé tí ó fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún orin inú ìjọ. Ẹni tí ó bá fi ìlù mẹ́rin-mẹ́rin lé irú orin bẹ́ẹ̀ ti fi okùn so ẹyẹ mọ́lẹ̀, ó wá ń bi í pé kí ló dé tí kò fò.

Ibi tí a bá a dé nìyí nígbà tí iná lọ. Dùùrù dákẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́, ìlù inú ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ amúnáwá ń wá kọ́kọ́rọ́. Àwọn bàbá mẹ́rin kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń bá tiwọn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wò yí ká, wọn kò rí ohun tí wọn yóò kà mọ́, wọ́n bá tẹjú mọ́ ẹnu bàbá ọlọ́pàá náà. (Mo ní bàbá tí ó ń fi ọ̀pá rìn, kì í ṣe ọlọ́pàá ìjọba.) Bí ó bá mí, wọn a mí. Bí ó bá gbé ọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, wọn a gbé e. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Kyrie, ohùn wọn ti di ohùn kan. N kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n tan iná padà, mo bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí ọmọ náà gbàgbé dùùrù rẹ̀. Kò gbàgbé.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kíyèsí ni pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ nínú òkùnkùn kì í ṣe ẹ̀kọ́ òyìnbó. Ta ni ó ń lu ìlù sí ẹkún ìyàwó kí ìyàwó tó lè sun ún? Ta ni ó ń ka ení, èjì fún oníjálá? Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, kọ́ wa láti máa gbọ́ ìjálá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orin Gírígórì náà kò jìnnà sí èyí. Hẹ́ńmù àwọn òyìnbó tí ó ní ẹsẹ mẹ́rin-mẹ́rin, tí gbogbo ìlà rẹ̀ gùn ní ìwọ̀n kan náà, jìnnà sí wa ju Látìn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a ti fi ṣe ọmọ ilé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé orin Látìn jẹ́ àjèjì pátápátá sí etí Yorùbá, mo máa ń bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ti gbọ́.

Mo mọ ìbéèrè tí ó ń bọ̀. Ẹnìkan yóò ní: Bàbá, ṣé ẹ̀yin tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń kọ nígbà náà? Òótọ́ ni, a kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a bá ń kọ Lítánì àwọn Ẹni Mímọ́, tí a dé ibi ìdáhùn tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbàdúrà fún wa, ohun tí etí àwa ọmọdé ń gbọ́ ni pé ọ̀rá pọ̀ lọ́bẹ̀, ohun tí a sì ń kọ tagbáratagbára nìyẹn, pàápàá bí ebi bá ti ń pa wá. Ìyá mi kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju tiwa lọ. Síbẹ̀, ìyá mi mọ ibi tí ó yẹ kí òun kúnlẹ̀, ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun dákẹ́. N kò fẹ́ kí àìmọ̀ yìí padà wá, n kò sì ní fi ẹwà orin bò ó mọ́lẹ̀. Ènìyàn tí ó ń gbàdúrà yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń bèèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀ ti Látìn síta. Ìwé tí Àpérò Fátíkánì Kejì fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 sọ ọ́ kedere. Ìpín 54 fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ lè jọ sọ tàbí kọ àwọn apá tiwọn nínú Mísà ní Látìn pẹ̀lú. Ìpín 116 fi orin Gírígórì sí ipò iwájú, bí ohun yòókù bá dọ́gba. Ìpín 119 sì ní kí a fi ọ̀wọ̀ tí ó yẹ fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí iṣẹ́ ìhìn rere ti ń lọ. Ní 1974, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà fi ìwé pẹlẹbẹ kan tí a ń pè ní Jubilate Deo ránṣẹ́ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, àwọn orin Látìn díẹ̀ tí ó rọrùn ni ó wà nínú rẹ̀, kí ìjọ má baà gbàgbé wọn. Ẹ má sì ṣe da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ àríyànjiyàn lórí Mísà ti àtijọ́. Àṣẹ tí Póòpù Francis gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2021 dín lílo Mísàlì 1962 kù. Kò ka orin Látìn léèwọ̀ nínú Mísà tí gbogbo wa ń lọ.

Mo wá dé orí orin kejì, òun gan-an ni ó mú mi kọ̀wé yìí.

Bàbá béèrè In paradisum. Òun ni wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú jáde, orin tí ó fi olóògbé lé àwọn áńgẹ́lì àti àwọn ajẹ́rìíkú lọ́wọ́, tí ó sì rántí Lásárù akúùṣẹ́. Olùdarí orin wa rò ó pé bí àwọn bá kọ ọ́ ní Látìn, àwọn ẹbí kò ní mọ ohun tí ó ń lọ. Bí àwọn kò bá sì kọ ọ́, àwọn da ìlérí tí a ṣe fún òkú. Ó bá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó fi kún un níhìn-ín, ó yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì gbé e lé orí ohùn Látìn náà bí ó ṣe wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ dára nínú ìwé. Mo kà á kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo sì fi orí yìn ín. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ni ọ̀ràn dé.

Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀run ṣí sílẹ̀ fún bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí ń gbéra láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sí àárín: ọ̀run. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi í sí, orin ń sọ̀kalẹ̀ ni. Bí ohùn àkọ́kọ́ bá ga, tí èkejì wá relẹ̀, etí Yorùbá kò ní gbọ́ ọ̀run mọ́ láéláé. Ọrùn ni yóò gbọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó tì mí, ọmọ Àwórì ni, fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọrùn ta ni wọ́n ní kó ṣí?” Kí n tó ronú èsì, wọ́n ti dé ibi tí ó kàn. Wọ́n fẹ́ kí Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ọ̀rọ̀ náà jókòó sí ìsàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Orin sì fò sókè lórí èkejì. A wá ń bẹ Olódùmarè pé kí ó dárí ẹ̀ṣẹ́ bàbá jì í, bí ẹni pé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni bàbá nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ kékeré kan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lù ú. Èmi gbà pé ọmọ náà ni ó gbọ́ orin jù nínú gbogbo wa.

A lè sọ pé òye yóò yanjú rẹ̀, pé kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé ọ̀run ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń fi òye yanjú hẹ́ńmù tí a fi Yorùbá wọ̀, a sì ti mọ́ ọn lára débi pé etí wa ti kú sí i. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Mọrínà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953, ohun tí ó tẹ̀ mọ́ wa létí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá kò ṣeé yà nípá. Ìjọ Áńgílíkà ni òun, kì í ṣe Àgùdà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wa wí pẹ̀lú. Ó dùn mí pé ìwé náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, a ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣí ọrùn.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nihin-in ni pé ẹrù yìí kò ṣeé gbé ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹ wo Missa Luba, tí Fádà Guido Haazen, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àti àwọn akọrin rẹ̀ ní Kóńgò gbé jáde ní 1958. Ọ̀rọ̀ Látìn ni wọ́n mú, wọ́n fi ohùn orin ilẹ̀ Kóńgò kọ ọ́. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Látìn kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí yóò yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ibi tí o bá gbé e sí, ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Látìn lè wọ agbádá wa kí ó sì yẹ ẹ́. Yorùbá kò lè wọ aṣọ Látìn, ọrùn rẹ̀ yóò há. Ohun tí wọ́n ṣe ní Kóńgò ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa rò pé òun ń ṣe ní Ìgàndò, ó sì ṣe òdì kejì rẹ̀.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Keur Moussa ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn mọ́ńkì tí ó ti Solesmes wá ni ó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n mú ẹ̀mí orin Gírígórì, wọ́n fi kora gbè é, orin wọn sì ti di olókìkí káàkiri ayé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Faransé àti Wolof ni wọ́n ń lò jù, èdè méjèèjì kò sì ní ohùn bíi ti Yorùbá. Wọn kò pàdé ẹkùn tí àwa pàdé lọ́nà.

Orin kẹta kò sí nínú ètò. Nígbà tí wọ́n gbé pósí dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ó gbé e dúró díẹ̀ kí wọ́n tún ọwọ́ mú. Obìnrin kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, tí ó jẹ́ ìbátan bàbá, bẹ̀rẹ̀ sí í ki í. Kò gbé ohùn sókè púpọ̀. Ó pe orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ó pe ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ó sọ fún un pé ọ̀nà jìn, kí ó rọra máa lọ, kí ó kí àwọn tí ó ti lọ ṣáájú. Ó dé orí Jésù, ó dé orí Màríà, gbogbo rẹ̀ nínú ohùn kan náà, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ní òpin gbolóhùn kọ̀ọ̀kan, àwọn akọrin dá a lóhùn pẹ̀lú ègbè kékeré kan tí wọn kò kọ́ níbì kankan. Alùlù kan ti gbé gángan rẹ̀ lé èjìká. Ó wò ó, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi etí sí bí ohùn rẹ̀ ti ń rìn. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ Sáàmù ní Látìn, ohùn a gbéra díẹ̀, a dúró sí ojú kan tí yóò fi ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, a tẹ̀ díẹ̀ ní ìdajì ẹsẹ, a padà sí ojú rẹ̀, a sì sọ̀kalẹ̀ ní ìparí. Obìnrin yìí ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, àfi pé kò dúró sí ojú kan ṣoṣo. Ojú mẹ́ta ni ó ní, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó sì ń sọ fún un èyí tí yóò tẹ̀. Ọ̀run jẹ́ ọ̀run ní ẹnu rẹ̀. Àwọn ọdẹ wa ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe fún ọdẹ ni In paradisum ń ṣe fún Àgùdà, òun náà sì ni obìnrin yìí ṣe ní ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá bi mí pé èwo nínú orin ọjọ́ náà ni ó sún mọ́ In paradisum jù lọ, n ó ní tirẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ó gba ohùn In paradisum lò.

N kò sọ pé ohun gbogbo tí ó wà nínú Látìn ni a ní. Ó ní ibi tí orin Gírígórì ti ń fi ohùn ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣeré lórí ìdajì ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ní òpin Alelúyà. Ògùsítínì Mímọ́, ọmọ Áfíríkà, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà lónìí, sọ nípa irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń ṣàlàyé Sáàmù: pé nígbà tí ayọ̀ bá ju ọ̀rọ̀ lọ, ohùn nìkan ni ó kù. A kò lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ láìda ìtumọ̀ rú. Ṣùgbọ́n a lè ṣe é lórí Alelúyà, nítorí Alelúyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sì ní ìtumọ̀ mìíràn tí yóò sá wọ̀. Mo fi èyí sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ orin í ṣe. Èmi kò lè ṣe é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ, olùdarí orin náà wá dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní òun gbọ́ pé mo ń mi orí. Mo sọ ohun tí mo kọ síhìn-ín fún un, mo sì rò pé yóò bínú. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi tán. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo ìjọ yìí. Bí a bá kọ Yorùbá, àwọn Ìgbò dákẹ́. Bí a bá kọ Ìgbò, àwọn Ègùn dákẹ́. Látìn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò ní wọ́n fi í ṣe àlejò.” Mo rántí pé Kádínà Francis Arinze, ọmọ Ìgbò, nígbà tí ó wà ní ipò olórí ọ́fíìsì ìsìn ní Róòmù, sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní St. Louis ní Amẹ́ríkà ní 2006. Ó dábàá pé kí àwọn ìjọ ńlá ní Mísà Látìn kan lọ́sẹ̀, kí àwọn kéékèèké ní ọ̀kan lóṣù. Mo gbà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbẹ̀ láìjanpata. Mo ní ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ó fi Látìn sílẹ̀ ní Látìn, kí ó kọ ọ́ ní odindi, kí ó tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ètò ìsìn. Nígbà tí ó bá sì kan Yorùbá, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu obìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ìyàwó olóògbé kò sunkún nígbà tí a kọ ti Látìn, Bàbá. Èyí tí ẹ ń bá wí yìí ni ó sunkún sí.”

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé pósí tí ó ń jáde ni ìyá náà ń sunkún sí. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ tí ó wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, n kò sì tíì rí ọ̀nà tí mo lè fi sọ fún opó pé orin tí ó pa òun lẹ́kún kò dára.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé Liber Usualis tí ó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìgàndò, ìwé tí èèpo rẹ̀ ti bó, tí ikán sì ti jẹ ojú ìwé díẹ̀ ní ẹ̀yìn. Bàbá tí ó ń fi ọ̀pá rìn ti ṣáájú mi dé. Ó jókòó sí àárín àwọn ọmọ náà, dùùrù wà ní ìgun ilé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Àmì onígun mẹ́rin ni ó ń kọ́ wọn, ó ń fi ọ̀pá yà á sínú iyanrìn. Olùdarí orin fà mí sẹ́yìn, ó mú bébà kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ìtumọ̀ In paradisum rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kí n bá òun fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òun tó wá orin fún un. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì tíì kọjá ìdajì.